Ojú àtijọ́, ẹ́ńjìnnì tuntun: ohun tí alùpùpù Bonneville fi ń kọ́ oníṣòwò kékeré lọ́gbọ́n

Nínú oṣù kẹjọ, ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù Triumph ní Meriden, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kógbá sílé. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn ará Jàpáànì sì ti gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa òwò alùpùpù nígbà náà ló gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, pé orúkọ Triumph yóò di ìtàn bí ọ̀pọ̀ orúkọ mìíràn tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, Triumph ṣì ń ta alùpùpù káàkiri àgbáyé, ọ̀kan nínú èyí táwọn èèyàn sì mọ̀ mọ́ ọn jùlọ ni Bonneville, tí ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1959.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ìsọ̀ télọ̀ tàbí ilé ìtẹ̀wé bi ara rẹ̀ nìyí: bó bá jẹ́ ìrísí kan náà ni ọjà yìí ní nígbà tó kú àti nígbà tó jí, kí ló pa á, kí ló sì jí i? Ìdáhùn rẹ̀ kò le rárá. Nígbà tó jí, àwọn tó ni ín di ohun tí oníbàárà fẹ́ràn mú, wọ́n sì pààrọ̀ ohun tó ń ni oníbàárà lára. Nígbà tó kú, wọn kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké tó ń kú lójoojúmọ́, àìmọ ìyàtọ̀ yìí náà wà lára ohun tó ń pa wọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó yé èèyàn dáadáa, ó yẹ kó mọ irú alùpùpù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kadà tó ń gbé èrò nílẹ̀ Yorùbá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sábà ju 100 sí 150 sísíì lọ. Sísíì yìí ni wọ́n fi ń wọn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó. Bonneville àkọ́kọ́ jẹ́ sísíì 649. Èyí tí wọ́n ń pè ní T120 lóde òní jẹ́ 1200, èyí tó tó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gba èrò láti Ọjọ́ọ̀ lọ sí Mọ́níyà. Ẹni tó bá rà á, nítorí pé ó wù ú ló ṣe rà á.

Síbẹ̀, kì í ṣe títóbi ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń mú ojú èèyàn dúró lára rẹ̀. Àwọn alùpùpù tó yára jù ú lọ pọ̀ lóde, àwọn tí wọ́n fi ike bò láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ẹni tó gùn ún yóò tẹ̀ síwájú bíi pé ó fẹ́ fi àyà sùn lórí táńkì. Bonneville kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhòòhò ló wà. Iná iwájú rẹ̀ rí róbótó. Sàílẹ́ńsà méjì nà sẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì wà ní gbangba láàárín, tí ojú ń rí bí wọ́n ṣe to irin rẹ̀. Ẹni tó gùn ún yóò jókòó nàró bí ẹni tó jókòó sórí àga, yóò máa rí iwájú, yóò máa rí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá ya àwòrán alùpùpù, irú èyí gan-an ni yóò yà.

Agbára rẹ̀ náà kì í ṣe ti aláriwo. Ẹ́ńjìnnì kékeré gbọ́dọ̀ ké dáadáa kó tó rìn, ẹni tó ń gùn ún kò sì ní í yéé pààrọ̀ jíà. Ẹ́ńjìnnì tó fẹ̀ bí èyí kò nílò ìyẹn. Bí ọwọ́ bá yí díẹ̀ báyìí, ó ti gbéra, yóò sì máa lọ láìsí wàhálà. Ìyẹn ni àwọn tó fẹ́ràn irú alùpùpù yìí ń san owó lé lórí: ohun tó rọrùn láti lóye, tó lágbára, tí kò fi nǹkan kan pamọ́.

Orúkọ rẹ̀ náà ní ìtàn. Bonneville ni wọ́n ń pe pápá iyọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Utah, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ táwọn èèyàn máa ń lọ sí láti dán eré wò. Ibẹ̀ ni Johnny Allen ti gun ẹ̀rọ gbọọrọ kan tó ní ẹ́ńjìnnì Triumph lọ́dún 1956, tó sá eré tó tó máìlì 214 ní wákàtí kan. Àjọ FIM, tó ń rí sí eré alùpùpù lágbàáyé, kọ̀ láti fi òǹtẹ̀ lu eré náà, ṣùgbọ́n Triumph kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Orúkọ pápá náà ni wọ́n fi sọ alùpùpù tuntun wọn lọ́dún 1959. Kó tó dìgbà yẹn, Marlon Brando ti gun Triumph nínú fíìmù lọ́dún 1953. Lọ́dún 1963, Steve McQueen náà wà lórí Triumph tí wọ́n kùn bíi ti ológun Jámánì nínú fíìmù The Great Escape. Àwọn ọ̀dọ́ tó wo fíìmù wọ̀nyí fẹ́ gun ohun tí òṣèré gùn, Amẹ́ríkà sì di ọjà ńlá fún ilé-iṣẹ́ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ ni pé àwọn tó ni ọjà rò pé ìfẹ́ yìí kò lè tán láé. Lọ́dún 1960, Edward Turner, ẹni tó ya ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì tó sọ Triumph di ńlá, rìnrìn àjò lọ sí Jàpáànì. Ó rí bí Honda, Suzuki àti Yamaha ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì padà wálé pẹ̀lú ìròyìn tó yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe alùpùpù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun gidi kan tó tìdí ẹ̀ jáde. Ohun táwọn oníṣòwò alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì fi ń tu ara wọn nínú ni pé alùpùpù kéékèèké làwọn ará Jàpáànì ń ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá fi Honda kékeré kọ́ gígùn, bó bá dàgbà tán, yóò wá ra alùpùpù ńlá lọ́wọ́ àwọn. Bí wọ́n ṣe fi oníbàárà kékeré sílẹ̀ fún àlejò nìyẹn.

Àlejò náà kò jókòó sórí kékeré. Lọ́dún 1969, Honda gbé CB750 dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sísíì 736, sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń tan án, bíréèkì iwájú rẹ̀ sì jẹ́ oníjáànà irin pẹlẹbẹ tó máa ń mú ọkọ̀ dúró dáadáa. Lọ́dún náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń tan Bonneville. Epo ẹ́ńjìnnì máa ń jò lábẹ́ rẹ̀ débi pé ó di àwàdà láàárín àwọn tó ń gùn ún. Wáyà iná rẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọdún 1980 kí wọ́n tó fi bọ́tìnnì títan sí Bonneville, ìyẹn ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí Honda ti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn Boston Consulting Group ṣe ìwádìí fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1975, ó sì sọ ọ́ kedere pé bí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń sá sẹ́yìn kúrò nínú ọjà kan sí òmíràn, nítorí èrè ojú ẹsẹ̀, wà lára ohun tó sọ wọ́n di aláìlágbára.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé àìnífẹ̀ẹ́ ló pa Triumph. Nígbà tí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ti Meriden pa lọ́dún 1973, àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gba ọgbà ilé-iṣẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù jáde bó ṣe wù wọ́n. Lọ́dún 1975, ìjọba yá wọn lówó, wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe Bonneville fúnra wọn. Ó ṣòro láti rí ìfẹ́ iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ. Àmọ́ wọn kò rówó ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun, oníbàárà kò sì lè máa fara da ẹ́ńjìnnì àtijọ́ títí. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi rọ́jú kí ilé-iṣẹ́ náà tó wó lọ́dún 1983. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀ fún oníṣòwò tó gbà pé bí òun bá ṣáà ti fẹ́ràn iṣẹ́ òun, ọjà yóò tà. Ìfẹ́ tí oníṣòwò ní sí iṣẹ́ rẹ̀ kì í dí ihò tí epo ń gbà jò.

Ẹni tó ra orúkọ Triumph lọ́dún náà kì í ṣe ẹni tó ti ń ṣe alùpùpù tẹ́lẹ̀. John Bloor ni orúkọ rẹ̀, ilé kíkọ́ ló fi lówó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn èèyàn ti mọ̀ láti ìgbà bàbá wọn, owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àkísà àgbà ni Bloor rà.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló yẹ kí oníṣòwò ronú lé jùlọ. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ojú ẹsẹ̀ ni ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í da Bonneville sí ìgboro, kó lè tètè rí owó rẹ̀ gbà padà. Bloor kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún Les Harris láṣẹ láti máa ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú Bonneville àtijọ́ ní Devon láti ọdún 1985 sí 1988, kí orúkọ náà má bàa parẹ́. Òun fúnra rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Jàpáànì, wọ́n lọ wo bí àwọn tó ṣẹ́gun Triumph ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìrìn àjò kan náà tí Turner rìn lọ́dún 1960 ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn yìí padà wálé, wọ́n sì lo ohun tí wọ́n rí. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun sí Hinckley. Nígbà tí wọ́n pàtẹ alùpùpù tuntun níbi ìpàtẹ ọjà Cologne, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1990, kò sí Bonneville kankan níbẹ̀. Alùpùpù ìgbàlódé ni gbogbo wọn, onísìlíńdà mẹ́ta àti mẹ́rin, tí wọ́n ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì wọn lára.

Ìdí tó fi dára bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Triumph ni ẹwà àti epo tó ń jò. Bí wọ́n bá fi ẹwà bẹ̀rẹ̀, èpò tó wà nídìí rẹ̀ làwọn èèyàn yóò kọ́kọ́ rántí. Nítorí náà, wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí aráyé rí i pé alùpùpù tó bá ti Hinckley wá kì í kú sójú ọ̀nà. Lọ́dún 1995, wọ́n gbé Thunderbird jáde, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú jọ ti àtijọ́. Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án, ọdún 2000, ní Munich, ni wọ́n tó fi Bonneville tuntun han aráyé. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni Bloor fi orúkọ tó lówó lórí jùlọ lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́, títí tó fi ní ohun tó lè gbé orúkọ náà.

Bonneville tuntun náà jẹ́ sísíì 790. Iná róbótó wà níbẹ̀, sàílẹ́ńsà méjì wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń tan án, bíréèkì rẹ̀ ń mú, epo kì í jò. Nígbà tí òfin èéfín ọkọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù le sí i, tó di dandan kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì rọ́pò kábúrétọ̀, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tuntun náà kó fi ojú jọ kábúrétọ̀. Nígbà tó di ọdún 2016, ẹ́ńjìnnì 1200 dé, omi ló ń tù ú lára, ó ní bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà wọ́, síbẹ̀ ìlànà irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù lára ṣì wà lára rẹ̀.

Àwọn kan wà tó ní ẹ̀tàn ni gbogbo èyí. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n ń ṣe kábúrétọ̀ tí kì í ṣe kábúrétọ̀, kí ló dé tí ohun tuntun fi ń ṣe bíi pé òun dàgbà. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn, nítorí oníṣòwò tó bá ń fi ohun kan pe òmíràn, kò ní í pẹ́ tí àṣírí rẹ̀ yóò tú. Àmọ́ ẹ̀tàn kò lè wà níbi tí ẹni tó ń rà ti mọ ohun tó ń rà. Triumph kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ́ńjìnnì ọdún 1959 ló wà níbẹ̀. Oníbàárà fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí ohun tí bàbá òun rí, kò sì fẹ́ kí ìnira tó bá bàbá òun bá òun náà. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tàn gan-an ni kí èèyàn kun ọ̀dà tuntun sára ẹ́ńjìnnì tó ń jò.

Àwọn tó ṣẹ́gun Triumph nígbà kan náà ti gbà pé ọ̀nà yìí dára. Honda gbé CB1100 jáde lọ́dún 2010, ó fi ojú jọ CB750. Lọ́dún 2017, Kawasaki fi Z900RS hàn, èyí tó rántí Z1 tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe lọ́dún 1972. Triumph pàápàá ti padà lọ bá oníbàárà kékeré tí àwọn tó ṣáájú kọ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n gbé alùpùpù bíi sísíì 400 jáde, Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ Bajaj ló sì ń bá wọn ṣe é. Bajaj yìí náà ni àwọn ọlọ́kadà Nàìjíríà mọ̀ dunjú nítorí Boxer. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà Boxer lọ sọ́jà rí ti jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá Triumph ṣe alùpùpù lónìí.

Oníṣòwò kékeré lè sọ pé ọ̀rọ̀ olówó lèyí, pé òun kò ní owó Bloor, òun kò sì lè dúró fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí Bloor ṣe kò ná an lówó: ó ya ohun tí oníbàárà fẹ́ràn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí oníbàárà ń fara dà. Àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe irú rẹ̀ láìsí owó ńlá. Aṣọ òkè ayé àtijọ́ wúwo, ó sì máa ń mú ooru. Àwọn ahunṣọ òde òní ń lo òwú tó fúyẹ́, aṣọ náà sì rọrùn láti wọ̀. Ẹni tó bá rí i lóde àríyá kò ní í pè é ní nǹkan mìíràn, aṣọ òkè ni yóò pè é.

Kí obìnrin tó jogún ilé búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn ni adùn búrẹ́dì náà àti bó ṣe le dáadáa lọ́wọ́. Bí ó bá dín ìyẹ̀fun kù nítorí pé nǹkan wọ́n, tó wá ra ọ̀rá ìdìbúrẹ́dì tuntun tó ń dán, òdìkejì ohun tí Bloor ṣe ló ṣe yẹn: ó ti fi ojú tuntun sórí ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì bá ti ń tán kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó dé, tàbí kí wọ́n má rí ṣéńjì gbà, ibẹ̀ ni kó tún ṣe. Bákan náà ni télọ̀ tó mọ aṣọ rán, àmọ́ tó jẹ́ pé “ẹ padà wá lọ́la” lorin rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀, kò fẹ́ràn ọ̀la rẹ̀. Lọ́jọ́ tí télọ̀ mìíràn bá dé àdúgbò, tí kò mọ aṣọ rán tó o, ṣùgbọ́n tó ń mú ọjọ́ ṣẹ, ẹ̀rù yẹ kó ba ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣòwò máa ń gbà ṣìnà. Àwọn kan á ní bí bàbá àwọn ṣe ń ṣe é náà ni àwọn yóò ṣe é, kódà bí epo bá ń jò. Àwọn mìíràn, nígbà tí ọjà bá dẹ́nu kọlẹ̀, á yí orúkọ padà, á yí ohun tí wọ́n ń tà padà, á yá owó kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì gbàgbé pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oníbàárà tó ti ń bọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn á wá, kò ní í mọ ibẹ̀ mọ́, á sì gba ibòmíràn lọ.

Kò sí ohun tó le nínú bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kí oníṣòwò bi oníbàárà mẹ́wàá tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: kí lẹ máa ṣàárò bí mo bá ti ìsọ̀ yìí pa lọ́la? Kí lẹ kàn ń fara dà lọ́dọ̀ mi? Kó kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó bá wà lápá kìíní, kó má fọwọ́ kàn án, bí ó ti wù kí nǹkan wọ́n tó. Ohun tó bá wà lápá kejì, kó máa tún un ṣe lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Gbogbo oníṣòwò ló ní ibi tí epo ti ń jò nínú òwò rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ibẹ̀, kó yáa lọ dí i kí ará Jàpáànì tirẹ̀ tó wọ̀lú.